Ojú Ọmọ tí Ṣíwọlá Fi Amọ̀ Mọ

Èmi ò fẹ́ràn ère. Kí n ti sọ ìyẹn tán kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ilé kéwú ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Ìwó, wọ́n sì kọ́ mi pé ẹni tó bá ṣe àwòrán ohun ẹlẹ́mìí, lọ́jọ́ àjíǹde wọn á ní kó wá fẹ́ ẹ̀mí sí i nínú. Ọlọ́run wá ṣe é, iṣẹ́ tí mo rí nígbà tí mo dé Toronto, òun ni kí n máa kó ère káàkiri. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń wa ọkọ̀ ẹrù fún ilé iṣẹ́ kan ní Meadowvale tí wọ́n ti ń fi sìmẹ́ǹtì àti plásítà ṣe ọmọ ìhòòhò abìyẹ́. Mo ti gbé wọn dé Ajax, mo ti gbé wọn dé Brooklin, mo ti gbé wọn dé àdúgbò tuntun tí fóònù mi gan-an kò tíì mọ orúkọ òpópónà rẹ̀. Orúkọ mi ni Mùtíù, bàbá mi sì kú láìmọ irú ẹrù tí mo ń gbé.

Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Ṣíwọlá, ẹni tó ń mọ àwọn ère náà. Ọmọ Ìbàdàn ni. Ẹgbẹ́ ni èmi pẹ̀lú rẹ̀, bí mo bá tilẹ̀ jù ú lọ, kò ju oṣù mélòó kan lọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí àwọn èèyàn bá ń jà níwájú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló máa lọ dúró sí títí wọn á fi parí. Yábàá ló ti kẹ́kọ̀ọ́ ère mímọ, kó sì tó wá sí Kánádà, orí àwọn olóyè tó ti kú ló ń mọ fún àwọn ọmọ wọn. Oṣù kìíní ọdún 2018 ló dé síbí pẹ̀lú ìwé akẹ́kọ̀ọ́. Ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé iṣẹ́ àbójútó ọ́fíìsì lòun fẹ́ kọ́, bí gbogbo wa ṣe máa ń kọ ohun tí kò sí lọ́kàn wa sínú fọ́ọ̀mù. Ó fi ìyàwó rẹ̀, Tèmidire, sílẹ̀ nílé pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Jọláolúwa, tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rìnlá nígbà náà. Ó ní láàárín ọdún kan òun á ti ránṣẹ́ wá mú wọn.

Ọmọ náà kò dúró. Ó lé díẹ̀ lọ́mọ ọdún méjì nígbà tí ibà gbé e lọ, láàárín ọjọ́ mẹ́ta péré. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa. Òbí kì í sin ọmọ. Àwọn àgbà ilé gba ẹ̀yìnkùlé gbé e jáde, wọ́n ti ìyá rẹ̀ mọ́ yàrá pẹ̀lú àwọn obìnrin mẹ́rin tó dì í mú, wọ́n sì lọ sin ín síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní fi han ìyá tàbí bàbá láéláé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n kó aṣọ ọmọ náà, bàtà rẹ̀, ife tó fi ń mumi, àwòrán rẹ̀ tí wọ́n kọ́ sára ògiri, gbogbo rẹ̀ pátá. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ ìyá, wọ́n pa gbogbo àwòrán ọmọ inú rẹ̀ rẹ́. Wọ́n ní bí ojú bá ń rí i, ọkàn kò ní gbàgbé, òmíràn kò sì ní wá.

Lẹ́yìn náà ni ìyá Ṣíwọlá pè é láti Ìbàdàn. Ó ní kó pa tirẹ̀ náà rẹ́, òun ò sì ní sọ fóònù kalẹ̀ títí á fi ṣe é. Ṣíwọlá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú básímẹ́ǹtì tó háyà ní Ajax, ó ń pa àwòrán ọmọ rẹ̀ rẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyá rẹ̀ sì ń gbàdúrà sí i létí títí ó fi tán. Nígbà tí mo gbọ́ ìtàn yìí, mo ní kí n bínú sí màmá yẹn. Mi ò rí i bínú sí. Òun náà ti ṣòfò ọmọ rí, ohun tí wọ́n ṣe fún un nígbà náà ló ń ṣe fún ọmọ tirẹ̀.

Ọdún náà ni Ṣíwọlá fi ẹ̀kọ́ àbójútó ọ́fíìsì sílẹ̀, tó wá iṣẹ́ wá sí Meadowvale. Bàbá ará Ítálì kan tó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún ló ni ilé iṣẹ́ náà. Ó ní ìwé kan tí wọ́n ya àwòrán gbogbo ọjà wa sí, nọ́ńbà sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà keje ni ọmọ tó mú ọrun àti ọfà dání, tí wọ́n fi aṣọ di ojú rẹ̀. Àwọn tó ní gbọ̀ngàn ìgbéyàwó ló máa ń rà á. Nọ́ńbà kejìlá ni àwọn ọmọ méjì tó fọwọ́ lẹ́rán, tí wọ́n ń wòkè bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró de oúnjẹ. Nọ́ńbà ogún ni obìnrin tó dúró sínú ìkarahun ńlá pẹ̀lú irun gígùn, òun sì ni ìyá ọmọ ọlọ́fà.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo béèrè lọ́wọ́ Ṣíwọlá ohun tí gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó ń po plásítà lọ́wọ́, kò sì gbójú sókè. Ó ní àwọn ará Gíríìsì ayé àtijọ́ ní òrìṣà kan tó wà fún ìfẹ́, pé nígbà àkọ́kọ́ géńdé ọ̀dọ́mọkùnrin abìyẹ́ ni, àwọn òrìṣà tó kù pàápàá ń bẹ̀rù rẹ̀, nítorí ẹni tí ọfà rẹ̀ bá ti bà, làákàyè onítọ̀hún ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àwọn tó ń gbẹ́ ère rẹ̀ ń mú un kéré sí i, títí ó fi di ọmọ ọwọ́ tó sanra rọ̀bọ̀tọ̀. Nígbà tí ẹ̀sìn Kírísítì dé, àwọn ayàwòrán gba ọrun àti ọfà lọ́wọ́ ọmọ kan náà, wọ́n pè é ní áńgẹ́lì tàbí kérúbù, wọ́n yà á yí ìyá Jésù ká, wọ́n sì gbé e sórí sàréè. Mo ní ìyẹn ni pé ọmọ kan náà ló ń dé ibi ìgbéyàwó tó tún ń dé ibi òkú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní a jẹ́ pé ọmọ náà ò sinmi.

Ìyá Ṣíwọlá ní tirẹ̀ kò gbà. Ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni màmá láti kékeré. Nígbà tí Ṣíwọlá sọ fún wọn pé kérúbù lòun ń mọ, inú wọn dùn, wọ́n sọ fún gbogbo ìjọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi àwòrán ránṣẹ́, wọ́n ní irọ́ ni. Wọ́n ní kérúbù inú Bíbélì ní ojú mẹ́rin, ojú kìnnìún àti ojú màlúù wà nínú rẹ̀, òun náà ni Ọlọ́run fi ṣọ́ ọgbà Édẹ́nì pẹ̀lú idà iná. Wọ́n ní ọmọ ọlọ́mọ tí ẹnikẹ́ni kò rí ṣòkòtò wọ̀ fún lèyí. Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Wàhálà wa wà lára nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìgbà Kòrónà ni wọ́n mọ ọ́n, kí n tó débẹ̀. Kò sí ẹni tó lè rìnrìn-àjò, gbogbo èèyàn sì jókòó tira wọn nílé, wọ́n ń tún iwájú ilé ṣe. Rọ́bà móòdù àtijọ́ kan tí wọ́n ń da sìmẹ́ǹtì sí ti ya, ọ̀gá wa ní kí Ṣíwọlá fi amọ̀ mọ ọmọ tuntun mìíràn, ọmọ tó dúró, tó kó ọwọ́ méjèèjì sí àyà, tó pa ìyẹ́ apá dé. Ó fi ọjọ́ márùn-ún mọ ọ́n. Wọ́n fi rọ́bà gba àwòṣe rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da sìmẹ́ǹtì sí i, ó sì tà ju gbogbo àwọn tó kù lọ. Èmi nìkan ti gbé iye tó lé ní igba nínú rẹ̀.

Mi ò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo fọ́ ọ̀kan. Òtútù ti jẹ mí lọ́wọ́, ó sì yọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́nu ilẹ̀kùn tí a ti ń kó ẹrù. Orí rẹ̀ já, ó yí lọ sábẹ́ ọkọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ó ti padà sọ́run. Kí n tó sọ ọ́ tán, Ṣíwọlá ti gbá mi lọ́rùn ẹ̀wù mú. Ṣíwọlá tí kì í bá ẹran jà. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó fi mí sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó mú orí náà jáde, ó jókòó sórí pákó ẹrù, ó sì gbé e lé itan.

Ó ní, "Mùtíù, ojú ọmọ mi nìyí. Kò sí ibòmíì tí mo ti lè rí i mọ́."

Ìgbà yẹn ló wá sọ gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí fún mi. Ó ní nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ́n, òun ò ní i lọ́kàn. Ọjọ́ kẹta ni òun rí i pé ọwọ́ òun ti ń lọ fúnra rẹ̀, pé ẹnu náà ti ń di ẹnu Jọláolúwa, òun sì sunkún, òun sì ń bá a lọ. Ó ní ọwọ́ kì í gbàgbé. Inú ilé iṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń to ogún wọn sójú kan, kò lè wò wọ́n. Ṣùgbọ́n àkọ́kọ́ nínú wọn tí wọ́n tà, ilé kan tó wà ní igun òpópónà ní Brooklin ni wọ́n gbé e lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì méjì, lọ́jọ́ Sunday, ó máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin, á wọ bọ́ọ̀sì lé e, á lọ dúró ní òdìkejì ọ̀nà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á wo ọmọ náà, á padà sílé.

Láti ọjọ́ náà, mi ò gbé nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n láìfi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e. Mo máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, mo sì máa ń fi bẹ́líìtì dè é. Èmi ọmọ alùfáà. Bí mo bá gbé e kalẹ̀ sí iwájú ilé oníbàárà, mo máa ń yí i kó kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ojú ti ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n mo ṣe é.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kọ̀ láti fún Tèmidire ní físà. Oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni wọ́n tó fún un. Mo rò pé Ṣíwọlá á jó. Ó wá bá mi nídìí ọkọ̀. Ó ní wọ́n fi sàréè ọmọ yẹn pamọ́ fún ìyá rẹ̀ kí ìyá lè wà láàyè ni, òun wá fi ọwọ́ ara òun gbé igba sàréè sẹ́bàá títì. Ó ní bí Tèmidire bá rí ojú yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, ìgbéyàwó àwọn ti parí, á padà sí Ìbàdàn, tàbí kó má padà, kó kàn dákẹ́ títí ayé. Ọdún mẹ́fà ló fi dúró de obìnrin yìí. Ohun kan ṣoṣo tó kù fún un láyé nìyẹn, ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dẹ pàkúté sí i lọ́nà.

A wá ṣe é bí a ṣe lè ṣe é. Ó bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n dá nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n dúró. Ọ̀gá rò pé àwàdà ló ń ṣe. Ó ní ilé iṣẹ́ ló ni móòdù, òun náà sì ni oníbàárà ń béèrè jù. Ṣíwọlá kó kúrò ní Ajax, torí méjì nínú wọn wà lójú ọ̀nà tó máa ń gbà lọ wọ ọkọ̀ ojú irin, ó lọ háyà yàrá kan ní Mississauga, àjà kọkànlá, níbi tí kò sí iwájú ilé kankan. Lọ́jọ́ tí Tèmidire dé, èmi ni mo lọ gbé òun àti ọkọ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Mo mọ ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ère yẹn wà, torí náà mo mú wọn gba ọ̀nà tó yí po, ìyàwó sì ń yin ìlú náà pé ó tóbi.

Nọ́ọ̀sì ni Tèmidire nílé. Níbí, ilé àwọn arúgbó ló ti ríṣẹ́, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń fún wọn lóúnjẹ. Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan. Kò pẹ́ tó fi ṣàkíyèsí pé ọkọ òun kì í bá òun rìn gba àdúgbò tó nílé tó lọ́gbà, pé ó máa ń sọ pé òun ní shift lọ́jọ́ Sunday, síbẹ̀ tó máa ń wọ ẹ̀wù tó dáa lọ sí shift. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tó dé, obìnrin kan tó ń jẹ́ Juliana, tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń gbé Brooklin, sọ fún un pé òun ti rí ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta níwájú ilé kan tó wà ní igun òpópónà òun, tó dúró tó ń wo ilé náà, tó ń nu ojú. Juliana fi kún un pé kẹ̀kẹ́ ọmọdé wà níwájú ilé ọ̀hún.

Tèmidire pè mí. Ó ní ká pàdé nílé kọfí tó wà lẹ́bàá ibi iṣẹ́ rẹ̀. Kò mu nǹkan kan. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì.

Ó ní, "Bọ̀dá Mùtíù, I beg, ẹ má parọ́ fún mi. Ṣé ọkọ mi bímọ sí Brooklin?"

Mo fi Ọlọ́run búra pé kò bímọ. Ó ní bó bá jẹ́ pé ó bímọ, òun ò ní jà. Ó ní ọdún mẹ́fà kì í ṣe ọjọ́ mẹ́fà, ọkùnrin sì ni. Ó ní kí wọ́n ṣáà mú ọmọ náà wá kí òun rí i, òun á bá wọn tọ́ ọ. Ohun tí òun ò lè gbà ni kí wọ́n fi ọmọ pamọ́ fún òun. "They've hidden one from me before," ó ní, "ó tó." Omijé tó ń bọ̀ lójú mi, mo ní kọfí tó gbóná ló fà á.

Mo lọ bá Ṣíwọlá lọ́jọ́ náà, mo sì bínú sí i. Mo ní ó ń bẹ̀rù kí ìyàwó má baà lọ nítorí òótọ́, ìyàwó ti fẹ́ lọ báyìí nítorí irọ́ tí kò tilẹ̀ pa. Mo ní kó mú un débẹ̀, kó fi hàn án, kó bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun ò lè ṣe é. Mo ní èmi á gbé wọn lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ní kí n wá ní Sunday.

Ìparí oṣù kejì ni. Yìnyín tó kù lẹ́bàá títì ti dọ̀tí, ojú ọ̀run rẹlẹ̀, kò sì sí oòrùn. Mo gbé wọn ní Mississauga, a forí lé Brooklin. Tèmidire ti múra bí ẹni tó fẹ́ lọ pàdé orogún. Ó ti kun ètè, ó sì ra bisikíìtì ọmọdé sínú báàgì rẹ̀. Mo rí bisikíìtì náà nígbà tó ń wá ìbọ̀wọ́, mo sì gbójú kúrò.

Mo dúró ní igun. Ó yẹ kí n jókòó sínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò gbà. Ère náà wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, yìnyín dé orúnkún rẹ̀, wọ́n sì ti so ìborùn pupa kan mọ́ ọn lọ́rùn. Bí a ṣe ń sún mọ́ ọn ni obìnrin òyìnbó tó nilé jáde wá, ó ń gbé agolo ìdọ̀tí, ó béèrè bóyá a ń wá ẹnì kan. Èmi ni mo dáhùn. Mo ní ọkùnrin yìí ló mọ ère tó wà níwájú ilé wọn, pé ó fẹ́ fi han ìyàwó rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ní Chloe lorúkọ òun, pé àwọn ọmọ òun ló so ìborùn yẹn, pé wọ́n ti fún un lórúkọ, Poppy, wọn kì í sì í lọ sílé ìwé láìkọ́kọ́ fọwọ́ kan orí rẹ̀. Ó ní ká wò ó bó ṣe wù wá. Ó wọlé.

Tèmidire ń wo fèrèsé ilé náà. Ó ṣì ń retí ọmọ tó máa jáde wá.

"Where is the child?" ó bi ọkọ rẹ̀. "Ọmọ dà?"

Ṣíwọlá ò lè nàka. Ó kàn ń wo ère náà, ojú ìyàwó rẹ̀ sì tẹ̀lé ojú rẹ̀ títí ó fi dé ibẹ̀.

Ó ní, "Jọláolúwa ni. Èmi ni mo mọ ọ́n. Wọ́n ní kí n delete gbogbo picture rẹ̀, mo sì delete ẹ̀. Mi ò ní nǹkan kan mọ́, Tèmi. Jọ̀ọ́, má bínú."

Mo ti múra sílẹ̀. Mo ti dúró síbi tí mo ti lè gbá a mú bó bá ṣubú. Tèmidire lóṣòó sínú yìnyín pẹ̀lú aṣọ tó dáa tó wọ̀. Ó tú ìborùn lọ́rùn ọmọ náà. Ó wò ó láti ọ̀tún, ó wò ó láti òsì, ó fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n rẹ̀ bí ẹni pé ó máa gbójú sókè fún un. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, kò sí omijé lójú rẹ̀.

"Òun kọ́," ó ní.

"Tèmi..."

"Kì í ṣe òun. Ojú Jọláolúwa ò tóbi báyìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ò rí báyìí. Ọmọ òyìnbó lẹ mọ yìí. Ọmọ tí wọ́n ń yà sínú káàdì Kérésìmesì ni."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ó bá fi ìbínú sọ ọ́ ni, á sàn. Èmi náà wo ère náà, mo wò ó bí mi ò ṣe wò ó rí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ nọ́ńbà keje ló wà lójú rẹ̀. Ẹnu nọ́ńbà kejìlá ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Ṣíwọlá ń da àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, tó ń fi pépà oníyanrìn ha wọn lójú, tó ń fọwọ́ ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kó lè dán. Ọwọ́ tó ní kì í gbàgbé, ojú tiwọn ló rántí. Mo wo Ṣíwọlá, mo sì rí i pé òun náà ti rí i. Mi ò fẹ́ rí irú ojú yẹn lójú èèyàn mọ́ láyé mi. Ó ti ń bẹ̀rù láti oṣù kẹwàá pé ìyàwó òun á dá ọmọ náà mọ̀, kò sì fìgbà kan rò ó pé kò ní dá a mọ̀.

Ó di apá aṣọ ìyàwó rẹ̀ mú. Ó ní amọ̀ wà níbi iṣẹ́, òun lè tún un mọ lọ́la, àní lónìí, kó ṣáà sọ fún òun bí ọmọ ṣe rí nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ, torí òun ò sí níbẹ̀. Ó ń béèrè nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní iwájú orí rẹ̀ ńkọ́? Ó ní imú ńkọ́, ṣé ó jọ tìrẹ tàbí tèmi? Tèmidire la ẹnu. Ó gbé ọwọ́ sókè láti fi hàn án nínú afẹ́fẹ́, bí a ṣe máa ń fi bí nǹkan ṣe tóbi tó han èèyàn. Ọwọ́ náà dúró lókè.

"Mo mọ̀ pé òun kọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n mi ò rí i mọ́. Wọ́n ní kí n gbàgbé, wọ́n ní tí mi ò bá gbàgbé mi ò ní bímọ mọ́. Every day ni mo ń try ẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tó ṣiṣẹ́."

Ṣíwọlá jọ̀wọ́ apá rẹ̀. Ó ní, "A jẹ́ pé kò sí níbì kankan mọ́."

Tèmidire bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ká ìborùn pupa yẹn mọ́ Poppy, ọmọ ilé Chloe, lọ́rùn padà, ó ta á ní kókó. Ó na ọwọ́ sí ọkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti dé Kánádà, mi ò gbọ́ kó pè é lórúkọ kankan, "ẹ gbọ́ ná" ló máa ń sọ, torí orúkọ tó fi ń pè é nígbà kan, wọ́n kó o lọ pẹ̀lú bàtà àti ife.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé," ó ní, "Bàbá Jọláolúwa."

Ṣíwọlá dá a lóhùn, ó ní, "Hẹn," ó sì tẹ̀lé e wọ ọkọ̀.